Kí Ló Gbé Ọ Ṣubú?

Àbúrò mi, jókòó tì mí. Láti ọjọ́ tí o ti féèlì ìdánwò ọkọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kejì ni o ti ń bú ara rẹ. "Orí mi ò pé. Mo ti dàgbà jù." Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, torí èmi náà ti sọ ọ́ rí.

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi wakọ̀ n'Ìbàdàn. Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ òjò, mo gbà á kọjá láìmí gúlegúle. Àmọ́ òfin ìlú Ọba yìí ò jẹ́ ká pààrọ̀ ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà sí tiwọn. Oṣù 12 péré ni wọ́n fún wa láti fi wakọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ a ó ṣèdánwò bí ẹni tí kò di síárìn mú rí. Mo ṣe é, mo féèlì. Mo wọ bọ́ọ̀sì 36 padà sí New Cross, mo jókòó sókè, mo sì ń ṣépè fún ara mi láti Peckham títí a fi kọjá Queens Road.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo ka àbájáde tí wọ́n fi ránṣẹ́. Kò sí "òmùgọ̀" nínú rẹ̀. Àṣìṣe kékeré mẹ́fà ni wọ́n kọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n fàyè gba 15. Àṣìṣe ńlá kan ló bà á jẹ́, torí ẹyọ kan ti tó: n kò wo dígí kí n tó yà sí ẹ̀gbẹ́.

Ṣé o rántí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn? Mo wo ẹ̀yìn. Kí ló dé tí n kì í wo dígí? Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó yé mi. N'Ìbàdàn, ẹni tó wà lẹ́yìn á fọn fèrè pé òun ti dé. Etí ni mo fi ń ṣọ́ ẹ̀yìn mi! Níbí, oníkẹ̀kẹ́ á rọra yọ sí ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìdún rárá. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ń gun òkè Jerningham Road pẹ̀lú tíṣà mi, mo máa ń pè é sókè: "Dígí àárín, dígí ẹ̀gbẹ́, èjìká."

Màmá wa gbà pé èébú ló ń mú ọmọ gbọ́n. Mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n n ò gbà. Juliana Breines àti Serena Chen ti yunifásítì Berkeley l'Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde ní 2012: wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdánwò ọ̀rọ̀ tó le, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n fojú àánú wo ara wọn ló pẹ́ nídìí ìwé jù kí wọ́n tó ṣe ìkejì.

Ṣọ́ra o, "Kí ló ń ṣe mí gan-an?" kì í ṣe ìbéèrè. Èébú tó wọ aṣọ ìbéèrè ni. Bi ara rẹ ní ohun tó ní ìdáhùn: títì wo ni? Kí ni ojú rẹ ń wò? Ṣé o gbàgbé pé 20 máìlì ní wákàtí kan ni òfin lọ́pọ̀ títì Lewisham ni? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan. Owó àjọ tí o kì í rí dá náà, bi ara rẹ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀: ọjọ́ wo nínú oṣù ni owó ọwọ́ rẹ máa ń tán?

Mo ti gbé omi tíì kaná. Ṣí fóònù rẹ, ka àbájáde yẹn sí mi létí, láti òkè pátápátá.