Ológbò inú ilé àti ológbò ìta: ta ló máa borí?

Àríyànjiyàn yìí kì í tán láàárín àwa tí a ń sin ológbò: bí ti inú ilé àti ti ìta bá ko ara wọn lójú, ta ló máa na ẹnìkejì? Ti ìta ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ̀yà kan náà ni àwọn méjèèjì. Ológbò igbó tí wọ́n ń pè ní Felis lybica ni baba ńlá wọn. Eyín kan náà, èékánná kan náà. Ohun tí ti ìta fi ju ti ilé lọ ni ìrírí. Tó bá tún jẹ́ akọ tí wọn ò tẹ̀ lọ́dàá, testosterone á mú kí awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nípọn, ìyẹn sì ń gbà á lọ́wọ́ eyín ọ̀tá. Òun náà ló ń jẹ́ kí orí wọn rí rọ̀bọ̀tọ̀.

Ẹ wá wo iye tó ń lọ kí akọni kan tó ṣẹ́kù. Ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ kan tọpa ọmọ ológbò 169 tó ń gbé ìta, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2004. 127 nínú wọn ló kú tàbí tó di àwátì kí wọ́n tó pé oṣù 6. Nínú mẹ́rin, mẹ́ta ti lọ nìyẹn! Akọni tí ẹ ń rí lórí fẹ́ǹsì, òun ni ẹ̀kẹrin. Àwa wá ń fi ẹ̀kẹrin yẹn wé gbogbo ológbò inú ilé, àti alágbára àti ọ̀lẹ. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n gbé wá fún mi, mo máa fagi lé e.

Ẹ̀kẹrin yẹn gan-an kì í fẹ́ jà. Ó máa ń tọ̀ sára ògiri kí òórùn rẹ̀ lè kìlọ̀ fún àlejò. Tí wọ́n bá pàdé, irun wọn á dìde, wọ́n á máa ké, títí ọ̀kan á fi rọra yẹ̀ lọ. Ó nídìí. Eyín ológbò tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́: ihò tó bá dá máa ń tètè dí, bakitéríà á wà nínú, ibẹ̀ á wú, á sì kún fún ọyún. Ìgéjẹ náà ni FIV, fáírọ́ọ̀sì tó ń ba agbára ara láti gbógun ti àrùn jẹ́, fi ń ràn jù, kò sì tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn. Dìgbòlugi náà ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tó borí lónìí lè ti gba ikú ẹ̀ nínú ìjà ọ̀hún.

Torí náà, tí ológbò inú ilé yín bá sá jáde, ẹ má tètè sọ pé wọ́n ti pa á. Kì í sábà wá ìjà lọ. Ó máa ń sá pamọ́ ni, kò sì ní dún pìn-ín. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2018 lórí àwọn ológbò tó sọnù, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n rí ni kò kọjá 500 mítà síbi tí wọ́n ti sá. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lálẹ́, kí ẹ yẹ abẹ́ mọ́tò àti ẹ̀yìnkùlé àwọn aládùúgbò wò. Ojú ológbò máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, ẹ ó rí ojú ẹ̀ kó tó ké.