Bí Ọkàn Rẹ Bá Ń Lù Ségesège

Ọmọ mi, dókítà ti fi ẹ̀rọ ECG yẹ àyà rẹ wò, ó ní atrial fibrillation ni. Ẹ̀rù bà ọ́, àwọn kan sì ti ń sọ fún ọ pé ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn ènìyàn. Àwọn méjì òkè ló ń ti ẹ̀jẹ̀ sí àwọn méjì ìsàlẹ̀. Tí àrùn yìí bá dé, ṣe ni àwọn tòkè á máa gbọ̀n rìrì, bí agbo ìlù tí gúdúgúdú rẹ̀ ti ṣìnà, tí oníjó ò mọ ibi tí yóò gbẹ́sẹ̀ sí. Ẹ̀jẹ̀ á dúró sójú kan, á dì. Bí ègé rẹ̀ kan bá bọ́ sí ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Àrùn yìí ń sọ ewu rọpárọsẹ̀ di ìlọ́po márùn-ún. Oògùn rẹ wà lọ́wọ́ dókítà. Ìgbé ayé rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

1. Jáwọ́ nínú ọtí. Ọtí ń da ètò iná tó ń darí ọkàn rú. Ní Australia, wọ́n kó 140 ènìyàn tó ń mutí déédéé, tó sì ní àrùn yìí, jọ, wọ́n ní kí ìdajì wọn jáwọ́. Nínú èsì tó jáde lọ́dún 2020, àrùn náà padà bá ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń mu ún lọ, àmọ́ ìdá 53 ni nínú àwọn tó jáwọ́. Bí wọ́n bá gbé bíà wá lóde àríyá, ẹnu la fi ń kọ mi ò jẹ. Má sì jẹ́ kí oníparaga tàn ọ́ pé agbo lòun ń tà: ògógóró ló fi rẹ egbò náà.

2. Máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ. Òun ló ń na àwọn yàrá òkè títí wọ́n á fi fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Dín iyọ̀ kù. Gbogbo èyí tó yẹ kí àgbàlagbà jẹ lójúmọ́ kò tó síbí tíì kan, iyọ̀ inú Máàgì àti nuudù sì wà lára rẹ̀.

3. Bí o bá sanra jù, fọn díẹ̀. Nílẹ̀ wa, bí èèyàn bá rù, wọ́n á ní ìyà ń jẹ ẹ́. Jẹ́ kí wọ́n máa wí. Nínú ìwádìí kan láti Adelaide lọ́dún 2015, àwọn tó dín ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn kù, tí wọn ò tún sanra padà, bọ́ lọ́wọ́ ségesège yìí ní ìlọ́po mẹ́fà ju àwọn yòókù lọ. Má febi pa ara rẹ o. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ là ń lá ọbẹ̀ gbígbóná.

4. Máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, bí dókítà bá ti gbà fún ọ. Bí o kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́ bí o ṣe ń rìn, dẹwọ́.

5. Bí wọ́n bá ní o ń hanrun, tí èémí rẹ sì ń dá lójú oorun, sọ fún dókítà. Ìhanrun bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àsùnwọra. Ìgbàkígbà tí èémí bá dá ni ọkàn rẹ ń jà.

6. Pa sìgá tì, sì fi energy drink sílẹ̀. Méjèèjì ń lé ọkàn sáré.

7. Má dá oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dúró nítorí pé àyà rẹ rọlẹ̀ lónìí. Àrùn yìí ń lọ, ó ń bọ̀, ewu rọpárọsẹ̀ kì í bá a lọ. Bó bá jẹ́ warfarin, má sá fún ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n má jẹ ẹ́ lájẹjù lọ́sẹ̀ yìí kí o pa á tì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀: Vitamin K inú ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ ń bá oògùn náà jà, bí o ṣe ń jẹ ẹ́ ni dókítà sì fi ń wọn oògùn fún ọ. Má fi agbo kún un láìsọ fún dókítà. Má sì ra ibuprofen nítorí ẹ̀yìn dídùn. Ẹ̀jẹ̀ lè máa ya nínú ikùn rẹ láìjẹ́ pé o mọ̀.

8. Bí ẹnu bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí apá kan kò gbé sókè, tàbí ọ̀rọ̀ ń lọ́, àmì rọpárọsẹ̀ nìyẹn: ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ilé àdúrà. Abẹ́rẹ́ tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì kì í sábà wúlò mọ́ bí wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ bá ti kọjá. Kọ́ ẹni tó ń bá ọ gbé ní àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lálẹ́ òní, torí ẹni tó bá ń ṣe kì í sábà lè pe ẹnikẹ́ni.