Àpótí Ìmọ̀: Bí Wẹ́ẹ̀bùsáìtì Kò Bá Ṣí ní Ọ́fíìsì

Kọ́kọ́ fi dátà fóònù rẹ ṣí i. Bó bá ṣí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì ni kí o yẹ̀ wò, pàápàá DNS, ètò tí Paul Mockapetris gbé kalẹ̀ ní 1983, tó ń wá nọ́ńbà àdírẹ́sì tó bá orúkọ sáìtì mu.

Èyí tó ń rú ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lójú jù ni kí sáìtì ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ má ṣí nínú ilé-iṣẹ́, nígbà tí àwọn ará ìta ń rí i. Ó sábà máa ń jẹ́ pé orúkọ sáìtì náà ni wọ́n fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì abẹ́lé. Sáfà DNS ọ́fíìsì gbà pé òun ló ni orúkọ náà, kò sì ní béèrè lọ́wọ́ sáfà mìíràn, bí kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà àdírẹ́sì sáìtì náà. Nítorí náà, kí alábòójútó nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi àkọsílẹ̀ www àti nọ́ńbà àdírẹ́sì sáìtì náà sínú sáfà ọ́fíìsì.