Ẹ Mú Okùn, Ẹ Wọn Ikùn Yín: Ọ̀rọ̀ Ọkàn fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Ìlú Ọba

Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kejì, bùrọ̀dá kan tí a jọ háyà ilé ní Dagenham jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó di àyà mú, ó ní kí n bá òun bu omi wá, ọ́sà òun ti tún gbé ìṣe rẹ̀ dé. Òtútù ń mú gbogbo wa nínú ilé náà, àmọ́ òógùn ń ṣàn lójú tirẹ̀. Mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹ má bínú, mo máa pe 999." Ó ní kí n má pariwo, pé iṣẹ́ alẹ́ ń dúró de òun. Mo pè.

Àwọn tó bá ọkọ̀ àǹbúláǹsì wá lẹ wáyà mọ́ ọn láyà ní pálọ̀, wọ́n wo ìwé tó jáde nínú ẹ̀rọ, ojú wọn yí padà. Wọn ò gbé e lọ sí ọsibítù tó sún mọ́ wa jù. Ibi tí wọ́n ti ń la iṣan ọkàn ni wọ́n forí lé. Láti ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ti ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé títí dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ dídì ti dí iṣan náà, wọ́n fẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fi irin kékeré kan tó dà bí àwọ̀n gbé e ró. Kì í ṣe ọ́sà rárá, ìkọlù ọkàn ni.

Ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ ni pé bùrọ̀dá yìí kò sanra. Àǹtí tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀ ni gbogbo wa máa ń bá wí nítorí ara.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ní fi "ẹ má sanra" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé ara tó pọ̀ jù ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, àwọn méjèèjì ló sì ń ba iṣan ọkàn jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníwàdìí tọ àwọn tó la ìkọlù ọkàn já lẹ́yìn, wọ́n rí ohun tó rú wọn lójú: léraléra ni àwọn tó tóbi díẹ̀ ń pẹ́ láyé ju àwọn tí ìwọ̀n wọn ṣe rẹ́gí lọ. Wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí. Èmi gbà pé òṣùwọ̀n kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan, kò sì mọ ibi tí ọ̀rá jókòó sí. Èyí tó dì mọ́ ẹ̀dọ̀ àti ìfun nínú ikùn ló burú jù. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ikùn rẹ̀ yọ lábẹ́ ẹ̀wù, tí ṣúgà sì ti ga nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ewu tirẹ̀ lè ju ti àǹtí lọ.

Ẹ mú okùn kan. Ẹ fi wọn ara yín láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, ẹ gé e, ẹ ká a sí méjì. Ẹ wá fi í yí ikùn ká ní agbedeméjì eegun ìhà àti eegun ìbàdí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mí jáde. Ẹ má fa ikùn wọlé o, ara yín lẹ ń tàn. Bí ẹnu okùn kò bá kan ara wọn, ikùn yín ti ju ìdajì gíga yín lọ. NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní England, ti ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lórí ìwọ̀n yìí láti 2022. Àwọn kan náà ló ní kí a tètè fura sí ti àwa aláwọ̀ dúdú: níbi tí BMI (ìwọ̀n tó ń fi bí ara ṣe wúwo wé gíga) òyìnbó ti ń di àpọ̀jù ní 25, tiwa ti dé ibẹ̀ ní 23, ìsanrajù wọn bẹ̀rẹ̀ ní 30, tiwa ní 27.5.

Ẹ̀jẹ̀ náà lè tanni. Àyẹ̀wò ṣúgà tí wọ́n ń pè ní HbA1c, bó bá dé 48, àtọ̀gbẹ ni. 42 sí 47 ń kìlọ̀ fún yín. Bí ẹ bá jẹ́ AS tàbí SS, ẹ sọ fún dókítà, torí èsì yẹn lè rẹlẹ̀ ju bí ṣúgà ṣe rí gan-an lọ.

Lọ́sẹ̀ tí ẹ bá dé ni kí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò. Wọn kì í gbowó, wọn ò sì gbọdọ̀ lé yín torí pé ẹ ò ní ìwé àdírẹ́sì tàbí ìwé ìgbélùú lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ògbufọ̀ Yorùbá, ẹ béèrè, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má fi ọmọ yín ṣe é. Ní England, ẹni ọdún 40 sí 74 tí kò ní àìsàn ọkàn tàbí àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè fún àyẹ̀wò ìlera lọ́dún márùn-ún márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ilé oògùn náà ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá ti pé 40.

Ní ti oúnjẹ, mi ò ní ní kí ẹ fi àmàlà sílẹ̀. Ìrìn ló tán lẹ́sẹ̀ wa níbí. Nílé, èèyàn á rìn dé ọjà kó tó jẹ òkèlè. Níbí, iṣẹ́ alẹ́, bọ́ọ̀sì, ìrẹsì tútù láago méje àárọ̀, oorun. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ méjì ṣáájú tiyín.

Bí àyà bá ń tẹ̀ yín bí ẹrù, tó ń ràn lọ sí apá, ọrùn tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tàbí àìlèmí délẹ̀ bá bá a rìn, 999 ni. Ẹ má wakọ̀, ẹ má wọ bọ́ọ̀sì. Obìnrin àti alátọ̀gbẹ lè má mọ̀ ju àárẹ̀, èébì tàbí èémí kúkúrú lọ. Bí ẹni tó gbé fóònù bá ní kí ẹ jẹ aspirin lẹ́nu, ẹ jẹ ẹ́, àfi tó bá ti bá yín jà rí.

Ẹni tó bá là á já ni wọ́n ń pè sí kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ni ní eré ìdárayá àti ìtọ́jú ọkàn. Bùrọ̀dá fẹ́ sá, ó ní iṣẹ́ àwọn arúgbó òyìnbó ni. Àǹtí ló mú un lọ. Àgbo tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti ilé, ó gbé e fún dókítà rẹ̀ wò kó tó da nǹkan mọ́ oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Okùn tiwa wà lórí ìṣó ní kíṣìnnì báyìí. Àmọ́ tí ìyá bùrọ̀dá bá pè láti Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n bi í léèrè ohun tó gbé e dé ọsibítù, bùrọ̀dá á rọra ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀: "Ọ́sà ni, Màámi. Ó ti lọ."