Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Fóònù

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, olongo kì í gbé ìtẹ́ ọ̀wàwà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ fóònù rí. Èyí tó bá iṣẹ́ ẹni mu, tó bá àdúgbò ẹni mu, tó sì bá àpò ẹni mu, òun ni fóònù gidi. Àmọ́ ọwọ́ ẹlòmíì ni ọ̀pọ̀ wa máa ń wò ká tó ra tiwa. A ó ra fóònù olówó ńlá tán, a ó wá máa dúró lẹ́bàá fèrèsé ká tó lè gbọ́ ohun tí ẹni tó pè wá ń sọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló yẹ kó ṣáájú, kí fóònù tẹ̀ lé e.

Ìgbà kan wà tí kò sí ohun tí a fẹ́ yàn. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni Econet, tó di Airtel lónìí, àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni wọ́n ń ka owó nígbà náà: bí èèyàn bá sọ gbólóhùn kan péré, owó odindi ìṣẹ́jú kan ti lọ. Ọdún 2003 ni Glo dé, tó ń ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá, àwọn tó kù náà sì tẹ̀ lé e. Etisalat dé ní 2008, ó sì di 9mobile ní 2017. Yíyàn ló fún oníbàárà lágbára. Ẹni tí kò bá yàn dáadáa ti fi agbára yẹn ṣòfò.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ má ṣe bi ará Lẹ́kí léèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dára ní Ìsẹ́yìn. Aládùúgbò yín ni kí ẹ bi. Ẹni tó ń ṣe POS ládùúgbò mọ èyí tó máa ń dákú lọ́sàn-án, torí òun ni oníbàárà máa ń kanra mọ́ bí owó kò bá wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ yá síìmù ọ̀rẹ́, ẹ wọ yàrá tí ẹ ń sùn, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ pe èèyàn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ tún ṣe é ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí òpó kan náà lẹ jọ ń pín lò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó já geere ní gbangba lè má wọ ilé oníkọnkéré. Ìgbì 3.5GHz tí wọ́n fi ń ṣe 5G ní Nàìjíríà kì í rìn jìnnà, ògiri sì tètè máa ń dá a dúró. Bí kò bá sí òpó 5G nítòsí yín, ẹ má fi owó kún owó nítorí rẹ̀.

Ẹ wo ti owó náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC, àjọ tó ń bójú tó iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, gbà kí àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí fi tó 50% kún owó wọn, nítorí náà kò yẹ ká máa ra dátà láìwo ẹ̀yìn wò. Ẹ má wo bó ṣe pọ̀ nìkan, ẹ wo ọjọ́ tí yóò kú. Dátà rẹpẹtẹ tó máa kú lọ́la kò ṣe ẹni tó ń lò ó díẹ̀díẹ̀ láǹfààní. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kò bá ṣe dáadáa mọ́, ẹ lè kó kúrò níbẹ̀ tẹ̀yin ti nọ́ńbà yín. Láti 2013 ni òfin ti fàyè gbà á. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì èyí tí ẹ fẹ́ kó lọ, wọn yóò ní kí ẹ fi PORT ránṣẹ́ sí 3232. Bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ tí wọn kò dá yín lóhùn, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀nà kan ò sì wọjà: fóònù onísíìmù méjì ló dára fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró, ọ̀kan fún ìpè, èkejì fún dátà.

Ó wá kan fóònù. Màmá tó jẹ́ pé ìpè ọmọ nìkan ló ń gbà, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ti tó o. Ẹni tó ń tajà lórí WhatsApp ní tirẹ̀ nílò ààyè, torí fọ́tò àti fídíò yóò tètè kún 64GB. Kí ó gbìyànjú 128GB. Pẹ̀lú bí iná ṣe ń ṣe wá, bátìrì 5000mAh kì í ṣe fáàrí. Ẹ ṣọ́ra fún RAM tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí: 8GB lè jẹ́ 4GB gidi, kí wọ́n sì yá 4GB tó kù lára ibi ìkópamọ́. Ẹ tún bèèrè iye tí wọ́n ń ta ojú fóònù náà kí ẹ tó rà á, torí ọjọ́ kan ni yóò já bọ́.

Fóònù tòkunbọ̀ nílò ojú méjì. Òmíràn láti Amẹ́ríkà, wọ́n ti tì í mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀hún. Láti orí iPhone 14 tó jáde ní 2022, èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà kò ní ihò síìmù rárá, eSIM nìkan ló ń lò. Kí àbúrò yín tó wà lọ́hùn-ún tó fi ránṣẹ́, ẹ bi nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín bóyá wọ́n ń ṣe é. Bí ẹ bá dé Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ tẹ *#06#, kí ẹ fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ onídíjíìtì 15 tó bá jáde wé ti ara páálí. Kí ẹni tó ń tà á yọ àkáǹtì rẹ̀ kúrò níṣojú yín, kó sì kọ rìsíìtì. Bí kò bá gbà, ẹ máa lọ, bó ti wù kó dínwó tó, torí ó lè jẹ́ ẹrù olè. Ẹni gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, kí kọ́bọ̀ kan tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ fi síìmù ọ̀rẹ́ yẹn pe èèyàn láti inú yàrá yín. Ohùn tí ẹ bá gbọ́ ni kó pinnu, kì í ṣe ohun tí ẹ rí lọ́wọ́ ará ilé kejì.