Lẹ́tà sí Àkànní Lórí Ìwé Ìbéèrè Iṣẹ́

Àkànní, ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí,

Mo kí yín kú ilé tuntun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu àlejò ni mo ti gbọ́ pé ẹ ti kó. Ara wa le, àfi orúnkún ìyá rẹ.

Ohun tí ó mú mi gbé kálàmù ni pé àbúrò rẹ ní o kọ "I am having a degree" sínú ìwé ìbéèrè iṣẹ́, nígbà tí òun sì sọ̀rọ̀, o ní ayé ti fi àwa àgbà sílẹ̀. Ìwọ tí o lọ Yunifásítì! Ọmọ Yorùbá wo ni í wí pé òun ń ní ilé, tàbí pé òun ń mọ bàbá òun? Ohun tí a ní, a ti ní in ná. Bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì rí, "I have" ni, "I know" ni.

Ní ti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, mo mọ̀ pé àwọn ará Lọ́ńdọ̀n ń kọ "I am writing to apply", kò sì lábùkù. Ṣùgbọ́n àwa tí wọ́n fi "I have the honour" àti "I beg to apply" tọ́ dàgbà nínú ọ́fíìsì ìjọba, "I write to apply" ni etí wa gbà, òun náà ni mo sì fẹ́ kí o kọ. Ní ìparí lẹ́tà, "I look forward" ni kí o kọ. "I am looking forward" tó fún ọ̀rẹ́. Ẹni tí yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ pàápàá, "I hereby resign" ni í kọ, nítorí bí ó bá kọ "I am resigning", ọ̀gá lè rò pé ẹrù ni ó ṣì ń dì.

O mọ̀ pé bàbá rẹ kò ṣe akọ̀wé. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ìṣojú mi ni ọ̀gá ọ́fíìsì wa ti ka lẹ́tà ìbéèrè iṣẹ́ rẹ̀ sókè, tí ó dúró lórí "I am having Standard Six", tí gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín, tí èmi tí mo wà nídìí tábìlì kejì sì dákẹ́ bí ẹni tí kò bá a mu ọmú kan náà. Oko kòkó ni ó gbà lọ, kò sì tún tọrọ iṣẹ́ ìwé mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun sì wọ́.

Nítorí náà, tún ìwé rẹ kọ, kí o sì fi rán àbúrò rẹ sí mi kí ó tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Inki pupa mi ṣì wà.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.