Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ṣíṣe Àfiwé Àwọn Olùpèsè Gáàsì Tí A Fi Ń Mú Ilé Móoru

1.0 Ìfáàrà

Iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀-ìperí Yorùbá ti rìn jìnnà. Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1970, fi hàn pé èdè Yorùbá tó kọ́ ọmọdé ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1984, sì pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí a kò tíì tọ́jú tó bẹ́ẹ̀, èyí ni ibi tí sáyẹ́ǹsì ti bá owó pàdé. Bí ọ̀rọ̀ kò bá gún régé ní irú ibẹ̀, kì í ṣe ìdánwò nìkan ni ènìyàn yóò fi fìdí rẹmi. Owó ni yóò ti ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ yìí mú ẹyọ kan nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn òwò gáàsì tí a ń rọ sínú táńkì ńlá nínú ọgbà ilé láti fi mú ilé móoru nígbà òtútù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ. Ní ìgbèríko ilẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ilé ni páìpù gáàsì kò dé. Àwọn onílé bẹ́ẹ̀ a máa ra epo, tàbí kí wọ́n ra gáàsì lọ́wọ́ olùpèsè tí yóò fi ọkọ̀ gbé e wá. Ọmọ Yorùbá tí ó bá fi ìlú ńlá sílẹ̀ lọ gbé ní irú ìgbèríko bẹ́ẹ̀ yóò bá ìwé iye owó àti ìwé àdéhùn pàdé, ó sì lè jẹ́ pé òbí àgbàlagbà ni a ó túmọ̀ rẹ̀ fún. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni pé: àwọn ọ̀rọ̀ wo ni ògbufọ̀ yóò lò tí àfiwé náà kò fi ní ṣi ẹni tí ń gbọ́ ọ lọ́nà?

2.0 Orúkọ gáàsì náà àti iṣẹ́ rẹ̀

2.1 Gáàsì olómi tàbí gáàsì àfúnyọ́?

Oríṣi gáàsì méjì ni ó ṣe pàtàkì nínú òwò yìí, propéènì àti bútéènì. Bí a bá fún wọn pọ̀ nínú agolo tàbí táńkì, wọn a yọ́ bí omi; bí a bá tú wọn sílẹ̀, wọn a tún di gáàsì. Lítà kan propéènì tí ó ti yọ́ yóò di nǹkan bí 270 lítà gáàsì. Ìdí nìyí tí táńkì kan fi lè tó ilé lò fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ lẹ́nu ni ‘gáàsì olómi’. Ọ̀rọ̀ náà léwu. Bí a bá sọ fún oníbàárà pé epo kan jẹ́ ‘epo olómi’, yóò gbà pé wọ́n ti bomi là á, kò sì ní rà á. ‘Gáàsì àfúnpọ̀’ náà kò tó, nítorí pé oríṣi gáàsì mìíràn wà tí a ń fún pọ̀ tí kì í yọ́, irú èyí tí a ń rọ sínú ọkọ̀ ní Nàìjíríà lónìí. ‘Gáàsì àfúnyọ́’ ni iṣẹ́ yìí dábàá: a fún un títí ó fi yọ́. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- àti ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tí a fi ṣẹ̀dá rẹ̀ bá ìlànà ‘àgékù’ àti ‘àfikún’ mu. Nípa báyìí, ‘àfúnpọ̀’ yóò dúró fún èyí tí kò yọ́, ‘àfúnyọ́’ fún èyí tí ó yọ́.

2.2 Mímú ilé gbóná tàbí mímú ilé móoru?

Kò sí ẹni tí ń dá iná láti lé òtútù ilé fún oṣù mẹ́fà ní ilẹ̀ Yorùbá. Nítorí náà, èdè kò ní ọ̀rọ̀ kan pàtó fún iṣẹ́ yìí. Àwọn kan ti ń lo ‘mú ilé gbóná’. Ṣùgbọ́n ilé tí ó gbóná létí Yorùbá ni ilé tí ìjà àti àìsàn wà. Ìtura ilé ni à ń gbàdúrà fún. Bí ìwé ìpolówó bá kọ ọ́ pé ‘A ó mú ilé yín gbóná’, èpè ni àgbàlagbà yóò kà á sí. ‘Móoru’ kò ní irú àbùkù yìí. A ń sọ pé ‘inú yàrá yìí móoru’, kò sì sí ẹni tí yóò bínú. A wá lè ṣẹ̀dá ‘ìmúlémóoru’ fún iṣẹ́ náà, àti ‘ẹ̀rọ amúlémóoru’ fún ẹ̀rọ tí ń ṣe é.

2.3 Propéènì àti bútéènì

Ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ fi ‘gáàsì’ lásán dípò orúkọ méjèèjì. Propéènì ń hó ní nǹkan bí òdì 42 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bútéènì ń hó nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé òdo. Bí òtútù bá mú gidigidi, bútéènì tí ó wà níta kò ní hó, gáàsì kò sì ní jáde. Propéènì ni ó yẹ táńkì ìta ní ilẹ̀ olótùútù. Ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí òtútù kì í ti í dé bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ yìí kò hàn sí ẹni tí ń dáná, èyí ni kò sì jẹ́ kí orúkọ méjèèjì gbajúmọ̀.

3.0 Ìṣòro òṣùwọ̀n

3.1 Ìwọ̀n wo?

Ọ̀rọ̀ náà ‘ìwọ̀n’ gbòòrò púpọ̀. Ó lè jẹ́ bí nǹkan ti wúwo tó, ó sì lè jẹ́ àyè tí nǹkan gbà. Ìyá ọlọ́jà mọ ìyàtọ̀ yìí dájú: ó mọ̀ pé kóńgò gàrí kan kò wúwo tó kóńgò ìrẹsì kan. Ìmọ̀ wà nílẹ̀, orúkọ méjì ni kò sí. A dábàá ‘ìwọ̀n-ìwúwo’ fún èyí tí a ń fi kílógíráàmù kà, àti ‘ìwọ̀n-àyè’ fún èyí tí a ń fi lítà tàbí gálọ́ọ̀nù kà.

Ìyàtọ̀ yìí ni ó dìídì ń pa owó. Ní Nàìjíríà, kílógíráàmù ni a fi ń ra gáàsì ìdáná; agolo oníkílò 12.5 wọ́pọ̀ ní ilé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kílógíráàmù ni a fi ń ka ti inú agolo, lítà ni a fi ń ka ti inú táńkì. Lítà kan propéènì àfúnyọ́ wúwo tó nǹkan bí 0.51 kílógíráàmù, ti bútéènì tó nǹkan bí 0.58. Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ yìí, tí a fi iye owó inú rẹ̀ ṣe àlàyé lásán:

(1) (a) Olùpèsè kìíní ń ta propéènì ní 70 pẹ́ńsì fún lítà kan.
(b) Olùpèsè kejì ń ta propéènì ní 135 pẹ́ńsì fún kílógíráàmù kan.

Bí ògbufọ̀ bá kọ ‘ìwọ̀n kan’ ní ọ̀nà méjèèjì, yóò dà bí ẹni pé owó èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti èkíní. Ṣùgbọ́n 135 tí a sọ di ìlọ́po 0.51 jẹ́ 68.85. Èkejì ni ó rọjú, ó fi pẹ́ńsì kan àti díẹ̀ dín ju èkíní lọ lórí lítà kọ̀ọ̀kan.

‘Gálọ́ọ̀nù’ tún ní ọ̀fìn tirẹ̀. Gálọ́ọ̀nù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 4.546 lítà, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 3.785 lítà. Gálọ́ọ̀nù sì ni a fi ń ta propéènì fún ilé ní Amẹ́ríkà. Níbikíbi tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti wáyé, kí ògbufọ̀ dárúkọ ilẹ̀ tí ó ni ín.

3.2 Iye ooru

Ohun tí onílé ń rà gan-an kì í ṣe lítà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kílò, ooru ni. Bí ó bá fẹ́ fi gáàsì wé epo tàbí iná mànàmáná, kílówáàtì-wákàtí jẹ́ òṣùwọ̀n tí ó lè pa gbogbo wọn pọ̀. Kílógíráàmù kan propéènì ní nǹkan bí 14 kílówáàtì-wákàtí ooru, lítà kan sì ní nǹkan bí 7.1. Gáàsì 70 pẹ́ńsì fún lítà kan yóò wá jẹ́ nǹkan bí 9.9 pẹ́ńsì fún kílówáàtì-wákàtí kan.

Níhìn-ín, ‘agbára’ kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ kan yìí túmọ̀ kílówáàtì àti kílówáàtì-wákàtí pọ̀. Bí ẹni tí ó bá sọ pé ìrìn-àjò wákàtí mẹ́ta àti bí ọkọ̀ ti ń sáré tó jẹ́ ohun kan náà ni ó rí. Kílówáàtì ń sọ bí ẹ̀rọ ti ń yára tú ooru sílẹ̀ tó. Kílówáàtì-wákàtí ń sọ iye ooru tí ó ti tú sílẹ̀. A dábàá ‘ìyára ìtú-ooru’ fún èkíní àti ‘iye ooru’ fún èkejì. Kí a má sì ṣe lo ‘iná’ fún èyíkéyìí nínú wọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti ru ẹrù ìmọ́lẹ̀, èéfín, ẹ̀là àti mànàmáná pọ̀.

3.3 Ìgbà wo ni táńkì kún?

Ohun àfúnyọ́ a máa fẹ̀ bí ó bá móoru. Nítorí èyí, a kì í rọ ọ́ kún dé ẹnu. Ní Amẹ́ríkà, ìdá 80 nínú 100 ni òpin. Táńkì 500 gálọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ gbà ju 400 lọ. Bí ògbufọ̀ bá kọ ‘táńkì náà kún’, oníbàárà lè rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ẹ jẹ́ kí a pe gbogbo àyè inú rẹ̀ ní ‘àyè táńkì’, kí a sì pe èyí tí òfin gbà láyè ní ‘òpin ìrọ’.

4.0 Ọ̀rọ̀ owó

Nínú èdè Yorùbá, ohun tí ó bá tẹ̀ lé ‘owó’ ni ó ń pinnu ìtumọ̀, kò sì sí ìlànà kan ṣoṣo. ‘Owó ilé’ ni ohun tí ayálégbé ń san. ‘Owó ọkọ̀’ ni ohun tí èrò ń san. ‘Owó aṣọ’ ni iye tí a fi rà á. Kí ni ‘owó táńkì’ yóò wá jẹ́? Ṣé èyí tí a fi rà á ni, tàbí èyí tí a ń san lọ́dọọdún fún olùpèsè tí ó ni ín? Nínú òwò yìí, olùpèsè ni ó sábà máa ń ni táńkì. ‘Owó ìlò táńkì’ ni kò ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ẹ wo bí owó yìí ti lè yí àfiwé padà:

(2) (a) Olùpèsè kìíní: 70 pẹ́ńsì fún lítà kan, kò gba owó ìlò táńkì.
(b) Olùpèsè kejì: 64 pẹ́ńsì fún lítà kan, ó ń gba £80 lọ́dún fún ìlò táńkì.

Ilé tí ó bá lo 1,000 lítà lọ́dún yóò san £700 fún èkíní, £720 fún èkejì. Ilé tí ó bá lo 1,500 lítà yóò san £1,050 fún èkíní, £1,040 fún èkejì. Ibi tí wọ́n ti dọ́gba jẹ́ nǹkan bí 1,333 lítà. Kò sí èyí tí a lè sọ pé ó rọjú títí a ó fi mọ iye tí ilé náà ń lò. Ìyàtọ̀ gbọdọ̀ wà, nígbà náà, láàárín ‘iye owó lítà’ àti ‘àròpọ̀ owó ọdún’. Kí a tún sọ bóyá owó orí ọjà wà nínú iye náà. Ìdá 5 nínú 100 ni ti gáàsì ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

5.0 Ọ̀rọ̀ àdéhùn

Òṣùwọ̀n àti owó lè tọ́, kí oníbàárà má sì lè kúrò lọ́dọ̀ olùpèsè. Ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ìfigagbága nínú òwò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì parí ìwádìí kan lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2006. Wọ́n rí i pé àṣà híhú táńkì olùpèsè àtijọ́ àti gbígbé ti tuntun wá kì í jẹ́ kí oníbàárà pààrọ̀. Àṣẹ tí ó tẹ̀ lé e ní 2008, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009, là á sílẹ̀ pé kí a fi táńkì lé olùpèsè tuntun lọ́wọ́ níbi tí ó ti wà, àti pé àdéhùn tí ó so oníbàárà mọ́ olùpèsè kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ ju ọdún méjì lọ.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ níhìn-ín. ‘Àdéhùn’ ni gbogbo ìwé náà. ‘Ìgbà ìsomọ́’ ni àkókò tí oníbàárà kò fi lè rà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. ‘Ìpààrọ̀ olùpèsè’ ni kíkúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá túmọ̀ ‘ìgbà ìsomọ́’ sí ‘àdéhùn ọdún méjì’ lásán yóò mú kí oníbàárà rò pé ohun gbogbo yóò parí fúnra rẹ̀ bí ọdún méjì bá pé, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé òun ni yóò kọ̀wé pé òun ń lọ.

6.0 Àkójọ ọ̀rọ̀

gáàsì àfúnyọ́: gáàsì tí a fún pọ̀ títí ó fi yọ́
gáàsì àfúnpọ̀: gáàsì tí a fún pọ̀ tí kò yọ́
ìmúlémóoru: lílé òtútù kúrò nínú ilé
ìwọ̀n-ìwúwo: èyí tí a ń fi kílógíráàmù kà
ìwọ̀n-àyè: èyí tí a ń fi lítà tàbí gálọ́ọ̀nù kà
iye ooru: èyí tí a ń fi kílówáàtì-wákàtí kà
ìyára ìtú-ooru: èyí tí a ń fi kílówáàtì kà
òpin ìrọ: ibi tí a kò gbọdọ̀ rọ gáàsì kọjá nínú táńkì
owó ìlò táńkì: owó tí a ń san fún ẹni tí ó ni táńkì
àròpọ̀ owó ọdún: gbogbo owó tí ilé kan ná lọ́dún
ìgbà ìsomọ́: àkókò tí a kò lè rà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí iṣẹ́ yìí fi hàn ni pé ìṣòro ọ̀rọ̀-ìperí kì í ṣe àìsí ọ̀rọ̀ nìkan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ wà ṣùgbọ́n ó ń ṣe iṣẹ́ méjì, gẹ́gẹ́ bí ‘ìwọ̀n’ àti ‘agbára’ ti ń ṣe. Nígbà mìíràn ó ń gbé ìtumọ̀ àìfẹ́ lẹ́yìn, bíi ti ‘mú ilé gbóná’. Àyálò kò burú: gáàsì, táńkì, lítà àti kílò ti di ti wa. Ibi tí ó yẹ kí ògbufọ̀ ti ná agbára rẹ̀ ni ààlà tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ dán àwọn àbá wọ̀nyí wò lè fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àpẹẹrẹ (1) àti (2), kí ó ní kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún àgbàlagbà tí kò gbọ́ èdè mìíràn ju Yorùbá lọ. Bí àgbàlagbà náà bá yan olùpèsè tí ó tọ́, tí ó sì lè sọ ìdí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yege. Bí kò bá lè sọ ọ́, kí a tún un ṣe.